Orúkọ Tó Wà Lára Àgọ́

Ẹ má bínú tí ẹ bá rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ni Mipọ̀sí. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti jọ ń fojú winá òtútù Dublin, bí èmi kò bá fi í rẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín? Ilé kan náà ni ìjọba kó wa sí nígbà tí a kọ́kọ́ wá tọrọ ààbò nílùú yìí, yàrá kan náà, ìkòkò kan náà. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Oyún yẹn ló di Tiwalọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà ti ga ju àwa méjèèjì lọ báyìí. Ó ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ, òyìnbó Dublin ló sì fi ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn.

Ní Ṣàgámù, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, iṣẹ́ kánópì ni Mipọ̀sí ń ṣe. Kì í ṣe pé ó kàn ń fi wọ́n háyà o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán wọn, látorí gígé tàpólì títí dórí okùn tí wọ́n fi ń so ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Dublin, kò sẹ́ni tó bi í léèrè kánópì. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló rí ní Grange Castle, nínú àwọn ilé ràgàjì tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà jọ sí, tí wọ́n ń kùn bí ilé oyin tọ̀sán-tòru. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń nulẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á ní òun ń nulẹ̀, kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Ó máa ń dùn mí, nítorí mo mọ irú obìnrin tó jẹ́.

Tiwalọpẹ́ ló kó ọ̀rọ̀ àgọ́ wọlé. Ọmọ yìí wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe bí àwọn Fáíkíǹgì, àwọn jagunjagun orí omi tó ti ìlú yìnyín wá tẹ Dublin dó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, dípò kó sinmi bí ọmọ èèyàn, á wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn, á gbé apata onígi, á wá lọ bá àwọn ọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn dà bí ìgbálẹ̀ dáná nínú pápá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ wá ọkọ. Ó ní, "Ah, it's great craic, Auntie," pé ìgbádùn ńlá ni.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin o. Àwọn tó ti dàgbà nínú rẹ̀ máa ń pàgọ́ yí iná ká, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní agbo. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń sùn sínú tẹ́ǹtì onínáílọ́ọ̀nù lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, kí ojú àlejò má baà rí wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Tiwalọpẹ́ ti ń sùn lẹ́yìn mọ́tò. Kó tó lè wọ agbo, ó gbọ́dọ̀ ní àgọ́ tirẹ̀, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ ń lò gan-an. Fiachra, olórí wọn, ló máa ń yẹ àgọ́ wò. Ohun tí kò bá sí láyé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ hàn nínú agbo: kì í ṣe aago ọwọ́, kì í ṣe síìpù, kì í ṣe ike. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń gba èèyàn wọlé, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà. Ẹni tí àgọ́ rẹ̀ kò bá yege, ó di àmọ́dún.

Tiwalọpẹ́ ti fẹ́ ra ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi àwòrán rẹ̀ han ìyá rẹ̀ nínú fóònù. Mipọ̀sí wò ó, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó tún un wò. Ó ní ẹni tó rán an kò mọ iṣẹ́, pé tí òjò bá rọ̀ díẹ̀, àárín ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni omi máa gbà wọlé. Ó ní kí ọmọ náà ra aṣọ kánfáàsì wá, kí òun rán an. Tiwalọpẹ́ wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyá òun lè rán àgọ́. Mo ní Mipọ̀sí, o ò sọ fún ọmọ yìí rí? Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ, ṣé kánópì wà nínú ìròyìn ni.

Bí pálọ̀ ilé wọn ní Corduff ṣe di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mipọ̀sí wá ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìjókòó àga, ó ti sófà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kó àwọn okùn ìwọn rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, tó jẹ́ pé tí mo bá ń wá ṣúgà, ṣọ́ọ̀kì ni mò ń fọwọ́ kàn. Ó ní kí etí aṣọ tó wà lókè máa gun orí tìsàlẹ̀ bí páànù òrùlé, kí omi lè máa ṣàn kọjá. Ibi tí ojú kò tó, ó fi ẹ̀rọ rán an. Ibi tí ojú Fiachra máa tó, ọwọ́ ló fi rán an, pẹ̀lú òwú tó ti fi ìda oyin pa. Nígbà tó parí, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé, ó fi họ́ọ̀sì bomi rin ín kí fọ́nrán òwú lè wú, kó sì dí ara wọn. Bàbá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọjú lórí ọgbà, ó bi í pé irú yoke wo nìyẹn, ìyẹn irú nǹkan wo. Mipọ̀sí ní iṣẹ́ òun ni. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ọjọ́ kìíní tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní ìlú yìí nìyẹn, inú mi dùn débi pé mo ra adìẹ lọ́jọ́ náà.

Tiwalọpẹ́ ní tirẹ̀ ṣe igi àgọ́. Ó gbẹ́ orí ẹranko sí ṣóńṣó pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ó ní dírágónì ni. Lójú tèmi, ewúrẹ́ tí eyín ń ro ni, ṣùgbọ́n mo ní ó dára.

Ó wá di Jímọ̀ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Sátidé yẹn. Tiwalọpẹ́ wà níbi iṣẹ́. Mipọ̀sí pè mí pé kí n wá ran òun lọ́wọ́, ó ku ohun kan. Mo bi í pé kí ni. Ó ní a kò tíì kọ orúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí nílé, ṣé ẹ ti rí kánópì tí kò ní orúkọ olówó rẹ̀ lára rí, gàdàgbà-gàdàgbà? Àga oníke gan-an, orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló máa gbé ẹrù gidi lọ sáàárín àjèjì nínú pápá láìkọ orúkọ sí i? Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Èmi ni mo di rúlà mú. A fi ọ̀dà pupa kọ TIWALỌPẸ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi. A kọ CORDUFF sísàlẹ̀, a sì fi nọ́ńbà fóònù tì í. A sún sẹ́yìn, a wò ó, a kí ara wa kú iṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà nílé lọ́jọ́ náà o, orí ọmọ sì wọ́.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, a ká a, a dì í. Tiwalọpẹ́ kò rí i.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fi mọ́tò mi gbé wa lọ sí pápá náà. Ìyá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jókòó ti kúlà oúnjẹ mi. Wọ́n gbé pákó méjì dábùú ara wọn níwájú, wọ́n gbé méjì sẹ́yìn, wọ́n ti ọ̀pá ìsàlẹ̀ bọ inú ihò rẹ̀, wọ́n fi òòlù igi gbá èèkàn há a. Wọ́n wá gbé ọ̀pá òkè lé e. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn onírùngbọ̀n ti pé jọ, wọ́n ń wò. Fiachra ń mi orí pé ó dára. Tiwalọpẹ́ ń rẹ́rìn-ín láìdákẹ́, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méje.

Wọ́n ju kánfáàsì sórí ọ̀pá. Ó ṣí.

Obìnrin kan bo ẹnu rẹ̀. Orúkọ náà pupa yòò láàárín àwọn àgọ́ aláwọ̀ eérú, ó sì ń fún gbogbo ayé ní nọ́ńbà. Ìgbà náà gan-an ni ojú mi wá là. Mo wá ibi tí màá wọ̀, mi ò rí.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Fiachra. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ní ká yí inú rẹ̀ síta bóyá á ṣeé bò. A yí i, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti mu wọnú aṣọ, orúkọ hàn láti òdìkejì. Fiachra fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní ó dun òun, kò lè wọ agbo bẹ́ẹ̀. Ó di lẹ́yìn mọ́tò, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Tiwalọpẹ́ kọjú sí ìyá rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. "Three years, Ma. Why would you do that?"

Mipọ̀sí ṣí báàgì rẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì jáde. Ó ní aṣọ tó ṣẹ́kù wà nínú búùtù, òun máa gé ibi tí orúkọ wà kúrò, òun á fi òmíràn dí i, á parí kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò lè wò ó mọ́. Mo ní, "Mipọ̀sí, sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ rẹ."

Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

"Kánópì mẹ́tàlá ni mo rán ní Ṣàgámù. Orúkọ bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ sí gbogbo wọn, torí òun ni ọkọ. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lọ́rì wá. Mo ní èmi ni mo rán wọn. Ó ní kí n ka orúkọ tó wà lára wọn sí òun létí. Mo kà á. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ lójú mi, ìwọ wà nínú mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ ní irú ìbéèrè yẹn láéláé."

Èmi ti mọ ìtàn yẹn láti ọjọ́ tí a ti jọ ń sùn ní yàrá kan. Tiwalọpẹ́ kò gbọ́ ọ rí. Ó rọra gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dá a padà sínú báàgì. Mipọ̀sí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé aṣọ lásán ni, kó má fi ọdún kan mìíràn ṣòfò nítorí aṣọ. Fiachra náà ní àyè ṣì wà, òun lè dúró di ọ̀sán. Tiwalọpẹ́ dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó máa gé e. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Orúkọ mi ni."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Mo ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò tíì dáná.

A tú àgọ́, a kó o lọ sẹ́yìn mọ́tò, a tún un pa. Láàárín àwọn tẹ́ǹtì onínáílọ́ọ̀nù yẹn, ńṣe ló rí bí ọba láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Àwọn méjì ní àwọn fẹ́ irú rẹ̀, kò sì sí wàhálà pé à ń fún èèyàn ní nọ́ńbà, ó ti wà lára àgọ́.

Nígbà tí wọ́n túká, Tiwalọpẹ́ bi mí bóyá ọ̀dà ṣẹ́kù. Ó wà nínú búùtù mi. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì, ó gun orí kúlà. Mo ní àyè pọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ó ní rárá, òkè ni. Orí orúkọ tirẹ̀, níbi tí àyè ti há, ló kọ ọ́ sí: MIPỌ̀SÍ. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ọ̀dà ń kán sílẹ̀. Mipọ̀sí ń bá a wí láti ìsàlẹ̀ pé ọ̀dà ti pọ̀ jù lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, pé kó máa fà á wá sílẹ̀, kó má tì í lọ sókè. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kù díẹ̀ kó parí nígbà tí Mipọ̀sí rí i pé orúkọ òun ni.

Ó dúró, ó wò ó. Ó ka orúkọ náà síta lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó jókòó sórí koríko, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì kù.