Ọ̀rá Ẹ̀gbọ́n Pánkẹ́rẹ́

Pánkẹ́rẹ́ ni gbogbo ọ̀gbà iṣẹ́ ń pe wẹ́dà yìí. Ó tín-ín-rín débi pé tó bá dúró ti ọ̀pá irin tó ń jó pọ̀, ọ̀pá ni oníbàárà á kọ́kọ́ kí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló sanra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó lọ́ràá dáadáa, ni Pánkẹ́rẹ́ sì ń fi ẹnu náà dá lóró: lójú rẹ̀, "Àǹtí mi", lẹ́yìn, "Tírélà".

Àtọ̀gbẹ ń bá Pánkẹ́rẹ́ jà láti kékeré. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ ló ṣìwà hù: dípò kí wọ́n máa lé àìsàn, ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlínì, èròjà tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n kọjú ìjà sí. Pánkẹ́rẹ́ ní kò ya òun lẹ́nu, pé bí ọlọ́pàá àdúgbò òun náà ṣe rí nìyẹn, olè á kọjá, onílé ni wọ́n á mú.

Dókítà ní àwọn ń dán nǹkan kan wò. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọ̀rá, tí kò tíì pinnu ohun tó máa dà. Tí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n mú un bí sí i, tí wọ́n dà á sínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ṣe bí àgbà tó bọ́ sáàárín ìjà, á máa pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà nínú. Kò dájú pé á ṣiṣẹ́. Ó wá ọ̀rá níkùn Pánkẹ́rẹ́ títí, awọ ló bá. Ló bá bi í bóyá ó ní ẹbí tó sanra. Pánkẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di ìgbà tó rántí pé Tírélà ni ẹni náà kí ẹ̀rín ọ̀hún tó dá.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí máṣínnì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá yín ni mo wá tọrọ."

"Tèmi ni àbí ti Tírélà?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àjákù aṣọ. Obìnrin náà ń rán etí yẹ̀rì lọ. Ìgbà tó rán an tán ló ní kó dìde, pé òun gbà. Àfi pé nígbà tó gbọ́ pé ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa fà, inú bí i. Ó ní òun ti rò pé wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Wọ́n fa ọ̀rá náà, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bí sí i, wọ́n sì fa omi tó gbé e sí Pánkẹ́rẹ́ lára. Ebi nìkan ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń ṣe òun. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń gún lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé òun ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò òun.

Lẹ́yìn ọdún kan, ṣúgà tún ń gòkè. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun ti ń jí padà, pé bóyá kí wọ́n tún un ṣe. Ojú ti Pánkẹ́rẹ́ láti lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó pa máṣínnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.