Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sùn Létí Òkun Dùbáì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi dé Dùbáì. Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní Òrò, a sì ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ láti Èkó pé orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò lè dá gbé ẹrù mọ́, kí n jọ̀ọ́ wá bá àwọn lọ. Ọ̀mù-Àrán ni mo wà, nílé ìyá wa, tí iṣẹ́ náà fi bá mi. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó gbéra rárá. Ọdún náà le. Tíṣà tó kọ́ni láàárọ̀ ni yóò tún lọ sóko nírọ̀lẹ́ kí àwọn ọmọ lè rí iṣu jẹ, èmi náà sì wà lára wọn.

Nígbà tí owó epo pọ̀ nílùú, Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń lọ rajà. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á kó bisikíìtì inú agolo wá fún wa bíi pé Ìlọrin ni wọ́n lọ. Mo máa ń jowú wọn. Nígbà tí nǹkan yí padà tí Lọ́ńdọ̀nù ò ṣeé dé mọ́, àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn rí ọ̀nà Dùbáì. Bàtà àti báàgì obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi ń rà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mú mi lọ yìí ni ìgbà kọkànlá.

Ẹni tó bá gbọ́ Dùbáì nílé, ilé gogoro tó ń dán ni yóò máa rò, àti etí òkun tí àwọn olówó ń nà sí. Mo rí àwọn ilé náà lóòótọ́, láti ojú fèrèsé takisí. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré kan la dé sí ní àdúgbò àwọn oníṣòwò, obìnrin mẹ́rin nínú yàrá kan, páálí sì kún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Òórùn bàtà tuntun la fi ń sùn, òun náà la fi ń jí. Òde gbóná kọjá ohun tí mo lè sọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò tó ń hó, tó sì gbé ojú lé e. Bí a bá ti jáde nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní èésì, ooru á bo awò ojú mi, n ò ní ríran mọ́.

Ọjọ́ márùn-ún la fi rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á fi aṣọ di orúnkún, wọ́n á máa tiro lọ níwájú, èmi á máa ru páálí bọ̀ lẹ́yìn. Tí a bá fẹ́ gbìmọ̀ lórí ọjà, èdè Ìgbómìnà la máa ń sọ, torí pé àwọn ará Íńdíà tó ń tajà níbẹ̀ ti gbọ́ Yorùbá Èkó. "Ìyá, ọ̀pọ̀ ni! Ẹ wá wò ó!" ni wọ́n máa ń ké sí wa.

Lọ́jọ́ kẹfà, lẹ́yìn ìrun Àìlà, a ń sọdá títì kan ni mo gbọ́ gbì níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú. Gèlè bọ́ lórí wọn, ojú wọn yí sókè. Mo ju páálí sílẹ̀, mo ń pariwo, n ò mọ ẹni tí mò ń pè. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tí a ti ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sáré jáde. Èmi àti òun jọ gbé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù, a tẹ́ wọn sórí páálí. Ó da omi tútù sí wọn lórí, ó fún òrom̀bó wẹ́wẹ́ sínú ife omi, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i.

"Ẹ mu ún, ìyá," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí ojú wọn là, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni, "Páálí dà?"

"Ẹ fi páálí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí, mo sì bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà jókòó tì wá. Ó ní òun náà ṣubú bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí òun kọ́kọ́ dé. Ó ní ó ti di ọdún mẹ́rin tí òun ti fojú kan ìyàwó òun gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí.

"Ibo lo wá ti máa ń sinmi?"

"Tó bá di Jímọ́ọ̀, mo máa ń lọ wo òkun."

"Òkun wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá sí ìlú etí òkun yìí, wọn ò tíì débẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ó yẹ ká gbé ẹrù lọ fún àwọn oníkágò tí yóò bá wa fi í ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pe takisí, mo sì rò pé ibẹ̀ là ń lọ. "Etí òkun," ni wọ́n sọ fún awakọ̀.

Aláàsárì ti kọjá nígbà tí a débẹ̀. Iyanrìn funfun lọ jìnnà. Àwọn òyìnbó nà gbalaja síbẹ̀, ara wọn ń dán fún òróró. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé àpá bàtà wà lára rẹ̀ bí àmì okùn. Wọ́n rìn wọnú omi tó fi kan ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n padà wá, wọ́n tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀, wọ́n sùn lọ, ẹnu wọn là sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo fẹ́ kí òkun náà dùn mọ́ mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn, mo sì ń tijú pé mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rò pé ìgbádùn ni wọ́n ń bá kiri.

Wọ́n jí. "Mo pẹ́ lójú oorun?"

"Ó pẹ́ díẹ̀."

"N ò ní padà wá síbí mọ́, àbúrò mi."

"Ó rẹ̀ yín ni."

"Ó rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́. Èmi ni n ò wí."

N ò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù Èkó sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n kó wálé, wọ́n ń ta ọṣẹ àti kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà ìyá wa. Orúnkún náà ò san tán. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Àwọn ará agbo ilé ní òwò ló dẹnu kọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wọn kẹrosíìnì wọn lọ.

Èmi ní tèmi padà sí Òrò lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi yí mi ká, wọ́n ní kí n ròyìn. Mo sọ ti ilé gogoro, mo sọ ti takisí tó tutù bí omi àmù, n ò dárúkọ páálí tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní mo mà gbádùn o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo lọ sí kíláàsì.