Wọ́n Lé Wilf Jáde Kí Góòlù Lè Wọlé

Pọ́n-ùn mẹ́rin ni páì ẹran ní pápá Calderbeck lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ìparí sáà. Kóòṣì mẹ́ta ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Calderbeck ti lé lọ́dún yẹn, bí wọn ò bá sì borí lónìí, wọ́n já kúrò ní líìgì tó ga jù nìyẹn.

Ogójì ọdún ni Wilf Ormerod, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń jókòó sórí àga kan náà. Àmọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ti ṣàkíyèsí pé ìgbà tó bá lọ tọ̀ nìkan ni Calderbeck ń gbá góòlù wọlé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, òdo sí òdo, Edna tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án.

"Wilf, ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìtọ̀ ò gbọ̀n ẹ́ ni?"

"Kò gbọ̀n mí."

"Gba tíì mi yìí, mu ún."

"Edna, mo sanwó kí n lè wòran ni."

"Tó o bá jókòó síbẹ̀, ìran ẹ̀kún lo máa wò."

Gbogbo ìlà dìde kó lè kọjá. Wilf ń kùn lọ.

Ó dojú kọ ògiri ilé ìtọ̀ nígbà tí ariwo mi òrùlé. Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Calderbeck fi góòlù kan tí Wilf kò fojú rí san oore ogójì ọdún fún un.