Fèrè Àǹtí Kóòṣì

Bí mo bá gbọ́ fèrè, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Àǹtí Kóòṣì, obìnrin tó kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì n'Ígbó-Ọrà, ló fà á. Lọ́sọ̀ọ̀sán, á kọ́kọ́ bá àwọn ìyá wa kó láfún tí wọ́n sá sórí sìmẹ́ńtì pápá wa kúrò, kó tó fọn fèrè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ilẹ̀ pápá náà gé òpó àwọ̀n wa lulẹ̀, ó ní, "Ọmọ àgbẹ̀ wo ló fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun?"

A jókòó, à ń sunkún. Àǹtí so agbọ̀n tí ìdí rẹ̀ ti já mọ́ igi máńgòrò ẹ̀bá títì, ó fọn fèrè.

"Òpó ló gé. Ta ló gé yín lọ́wọ́? Ẹ dìde!"

A dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n jókòó lónìí, fèrè yẹn ni mò ń gbọ́.