Ẹ̀yìn Ìlà Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Ọdún tí a gbé ìwé ìròyìn agbègbè wa kúrò lórí bébà lọ sórí ayélujára ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kò tíì pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á lónìí ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, àmọ́ ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Orí pèpéle táǹkì omi ni mo dúró sí, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí ìlà méjèèjì láti orí dé ìdí.

Lásún Onífọ́tò ni wọ́n ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Benson, ní Ìkòròdù. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ìwọ́de, wọ́n sì ti fọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, nígbà tí àwa bíi mélòó kan dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀ àwọn ìlú tó wà láti Ìkòròdù títí dé Ẹ̀pẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n máa mójú tó fọ́tò.

Rónkẹ́ ló ń ṣètò bí ojú ìwé ṣe máa rí. Ọmọbìnrin yìí ń gbé nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòròdù, Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọ mọ́tò láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, síbẹ̀ ó máa ń fún wa ní ọjọ́ Sátidé rẹ̀.

Ní Sátidé tí a jókòó láti ṣètò ojú òpó tuntun náà, ẹ ò bá rí mi. Mo da fọ́tò sílẹ̀ bẹẹrẹ: ẹja, ọkọ̀, ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀. Rónkẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí tábìlì tí mo ti ń gé fọ́tò páásípọ́ọ̀tù, ó fi ọwọ́ gbá gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá Lásún, fọ́tò kan ni mo fẹ́ kéèyàn kọ́kọ́ rí. Ọ̀kan péré."

"Ọ̀kan kẹ̀? Láti Ìkòròdù dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan?"

"Ẹ mú èbúté kan. Ẹ dúró sójú kan, ẹ má sún. Láti ìdájí títí dìrọ̀lẹ́, ní wákàtí wákàtí, ẹ máa yà á láti ibì kan náà. Ẹni tó bá ṣí ojú òpó wa, bó ṣe ń fi àtàǹpàkò ti fóònù rẹ̀ báyìí, ilẹ̀ á máa mọ́, ọkọ̀ á máa wọlé, èéfín á máa rú, títí oòrùn á fi wọ̀. Odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni náà!"

Orí mi wú. Mo dìde, mo tún jókòó. Ó ti ń yan àwọ̀: àwọ̀ èéfín fún ẹ̀yìn, àwọ̀ omi ọ̀sà fún àkọlé. Ó ní a kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà kankan lé orí èèyàn, kí gbogbo ọ̀rọ̀ wà lápá ibi tí omi wà. Ó ní fóònù ni àwọn òǹkàwé wa máa fi wò ó, nítorí náà gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ gba ojú fóònù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fóònù yìí sọ́kàn, òun ló kó bá wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Mo ti mọ èbúté tí mo fẹ́. Ó wà láàárín Àgbówà àti Ẹ̀pẹ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tí mo fẹ́ pẹ̀lú, torí Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yan olórí èbúté náà. Àwọn kan tí ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn lábẹ́ omi ń wá etí omi tí wọ́n á máa kó yanrìn jọ sí. Bàbá Sanúsí, tó ní ọkọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀, ti ṣèlérí fún wọn pé tí òun bá wọlé, àwọn ló ni ibẹ̀. Àlàájà Sìkírá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń yan ẹja, ní òun náà á du ipò náà, àwọn ò sì ní kúrò níbẹ̀. Tí Bàbá Sanúsí bá wọlé, àtíbàbà tí àwọn obìnrin náà ti ń yan ẹja láti ayé ìyá wọn á di òkìtì yanrìn. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ìdájí Sátidé náà ni mo gun pèpéle táǹkì tó wà ní èbúté náà. Fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà, kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Bàsíà ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: obìnrin tó bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja á gbé bàsíà rẹ̀ sórí ìlà létí omi, á wá lọ sílé lọ dá iná. Olúkúlùkù ló lu ihò sí etí bàsíà tirẹ̀, tó so àkísà aṣọ tó yàtọ̀ mọ́ ọn. Tí ọkọ̀ bá dé, ibi tí bàsíà rẹ wà ni o wà. Kò sẹ́ni tó ń sún bàsíà ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dìbò. Wọn kì í fi bébà dìbò níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ń tò sí. Ìlà Bàbá Sanúsí tò lọ gbọọrọ sápá omi. Ìlà Àlàájà gba iwájú àtíbàbà, ṣùgbọ́n oòrùn ń jó wọn, wọ́n dé bàsíà borí. Nígbà tí ìlà dé igun àtíbàbà, ó yà sínú ibòòji, ó ṣì ń lọ. Mo tẹ kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ wọlé.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ni adarí ìdìbò. Ó ń fọwọ́ kan orí kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà. Ó ka ti Bàbá Sanúsí tán. Ó ka ti Àlàájà dé igun àtíbàbà, ó bá dúró, ó pa ìwé rẹ̀ dé.

"Tíṣà, ẹ ṣì ń bọ̀ níbí o!" Ìyá Múrí ló pariwo láti ìdí ìlà, òun ló gbẹ̀yìn pátápátá. "Èmi rèé! Ẹ ka èmi náà!"

"Ìlà ni wọ́n ní kí n kà. Èyí tó wọ́ kì í ṣe ìlà."

"Oòrùn ló wọ́ ọ! Àbí Tíṣà fẹ́ ká yan ara wa pọ̀ mọ́ ẹja ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn igun kì í ṣe ọmọ èbúté, ó sì gbé ọwọ́ Bàbá Sanúsí sókè. Ariwo ta. Àwọn àgbà ìlú tó wà níbẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ja ìjà, ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó gbé e wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Sátidé kejì.

Ẹ̀rí kẹ̀? Ó wà lọ́rùn mi! Bí mo ṣe dé Ìkòròdù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe Rónkẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí a gbé fọ́tò ìlà náà síta lójú ẹsẹ̀, kó jẹ́ òun ni gbogbo ayé á kọ́kọ́ rí. Rónkẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó wò ó bó ṣe máa rí lórí fóònù, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ó gbòòrò jù. Lórí fóònù, bí eèrà ni wọ́n rí."

"Gé e."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yìn ìlà ń kọ́?"

"Gé e, jàre. Àárín ló dùn ún wò, níbi tí Àlàájà ti na ọwọ́ sókè. Àwọn èèyàn á mọ èyí tó kù."

Ó gé e. Ó dára lóòótọ́! Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, fóònù mi kò sinmi. Fọ́tò wa ti gba ìlú kan, ó ti ń gba òmíràn, àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bàbá Sanúsí ló ń pín in kiri. "Ẹ wò ó, ìwé ìròyìn tiwọn náà ni o!" Nínú fọ́tò tí a gé, ìlà Àlàájà parí sí igun àtíbàbà géérégé, gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe wí. Àlàájà fúnra rẹ̀ pè mí.

"Lásún! Kí lo ṣe fún wa yìí?"

Mo ké sí Rónkẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Ìyá Múrí, torí òun ló pariwo pé òun wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá-tí-kò-sí-nínú-fọ́tò. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ fún Bàbá Sanúsí á dé ọ̀dọ̀ bàsíà rẹ̀, wọ́n á fò ó, wọ́n á ní, "A ò rí ẹnì kankan níbí." Nígbà tó máa di Ọjọ́rú, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Àgbówà.

Rónkẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ohun tí kì í ṣe. Ó jókòó ti fọ́tò náà títí ó fi rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ó jẹ́ kí ó ga tó ojú fóònù, tó sì jẹ́ pé bí o bá ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà náà á máa tẹ̀ síwájú. O ń tì í, ó ń lọ. O dé igun, ó yà, ó tún ń lọ! Èmi tí mo ya fọ́tò náà, ṣe ni mo ń kígbe bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. A gbé e síta, àmọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bàbá Sanúsí kò sinmi, wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn: wọ́n ní ojú àwọn tó wà lẹ́yìn igun kò hàn lábẹ́ bàsíà, wọ́n ní Gáréèjì Ìkòròdù ni a ti lọ kó wọn wá.

Àlàájà gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Wọ́n ní a dé bàsíà? Ó dáa. Kí gbogbo yín gbé bàsíà yín wá."

Ní gbọ̀ngàn ìlú, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, Rónkẹ́ fi ẹ̀rọ tan fọ́tò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni ti ìdájí, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Èkejì ni ti ọ̀sán. Ibì kan náà ni mo ti ya méjèèjì, láìsún ẹsẹ̀. Àlàájà ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn igun jáde. Obìnrin àkọ́kọ́ gbé bàsíà rẹ̀ sílẹ̀, aṣọ àǹkárá olómi aró wà létí rẹ̀. Ó nawọ́ sí ti ìdájí: bàsíà rẹ̀ rèé létí omi. Ó nawọ́ sí ti ọ̀sán: bàsíà kan náà rèé lórí rẹ̀. Èkejì jáde, ẹ̀kẹta jáde. Wọ́n ń to bàsíà lọ ní gbọ̀ngàn bí wọ́n ṣe ń tò ó létí omi. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń bá wọn pariwo: "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!"

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ìlà, ó ku bàsíà kan, èyí tó ní aṣọ pupa. Kò sẹ́ni tó gbé e wá. Àlàájà ní kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ti Ìyá Múrí ni.

Àgbà kan wò wá. "Fọ́tò àkọ́kọ́ tí ẹ gbé jáde, ta ló gé e?"

Ọkùnrin tó ti dúró níwájú ọlọ́pàá rí, tí ẹ̀rù kò bà, kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Rónkẹ́ dìde. "Èmi ni, sà. Ẹ má bínú."

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún ìlà náà kà lójú gbogbo ayé, Tíṣà sì gbé ọwọ́ Àlàájà sókè. Orin tí àwọn obìnrin náà kọ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbé Rónkẹ́ sínú bàsíà, wọ́n gbé e yí gbọ̀ngàn ká, ó ń kígbe pé òun á ṣubú.

Ohun tí a jèrè ni pé àtíbàbà wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, èéfín sì ń rú níbẹ̀ láràárọ̀. Ohun tí a pàdánù ni etí omi apá ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó tún ìbò kà, àwọn oníyanrìn ti gbẹ́ ibẹ̀, omi sì ti mu ún lọ. Gbèsè tí mo jẹ Ìyá Múrí ló kù.

Rónkẹ́ tún dá ọgbọ́n mìíràn sí ojú òpó náà: tí o bá fọwọ́ kan bàsíà kan nínú fọ́tò, orúkọ ẹni tó ni ín á jáde. Gbogbo wọn gbà pẹ̀lú ayọ̀. Èmi àti Rónkẹ́ wá lọ sí Àgbówà lọ tọrọ orúkọ Ìyá Múrí. Inú oko ẹ̀gẹ́ la bá a. Ó wo fọ́tò náà lórí fóònù, ó tì í títí ó fi kan ara rẹ̀, ó sì dá fóònù padà fún wa.

"Ẹ má kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí. "Gbogbo ayé ti mọ̀ báyìí pé ẹ wà níbẹ̀."

"Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lásún, ta ló gé mi?"

Rónkẹ́ fẹ́ dáhùn. Ìyá Múrí gbé ọwọ́ sókè. "Mi ò bi ọ́, ọmọ mi. Ojú ẹni tí mo bi ni mò ń wò."

"Èmi ni mo ní kó gé e," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, àmọ́ oṣù mẹ́ta ló ti wà lọ́nà.

"Ṣé wọ́n gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn?"

"Rárá, mà."

"Nígbà náà, kọ orúkọ tìrẹ sórí bàsíà mi. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án mọ ẹni tó gé e. Lẹ́yìn ìyẹn ká tó sọ̀rọ̀ ti èmi."

Mo kọ ọ́. Ẹ ṣí ojú òpó wa, ẹ ti ìlà náà dé ìdí, ẹ fọwọ́ kan bàsíà aláṣọ pupa. Orúkọ mi lẹ máa rí níbẹ̀, àti ohun tí mo ṣe, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi Rónkẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Múrí fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ohùn rẹ̀ le, afẹ́fẹ́ oko ń fẹ́ sí i. Ó ní, "Mo ti rí i. Ẹ̀gẹ́ mi kò tíì tó wú. Sọ fún wọn kí wọ́n má dí àyè mi."

Mo lọ sí èbúté náà ní ìdájí, mo gun pèpéle táǹkì, mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́sí. Bàsíà ti wà lórí ìlà létí omi. Láàárín wọn ni àyè kan wà, ó gba bàsíà kan géérégé. Kò sẹ́ni tó dí i.