Ọwọ́ Òsì Ìyá Mi Lára Ògiri Òṣòdì

Nígbà tí ìyá mi kú, mi ò sunkún. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre, mo fẹ́ràn ìyá mi. Ojú mi ló kàn gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mo bu omi fún àwọn àlejò, mo fọ abọ́, nígbà tó di ọjọ́ kejì mo padà sí ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ísọlọ̀. Àwọn ẹbí ní ọkàn mi le. Mo ní ẹ ṣeun.

Gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ìyá mi ní ibùdókọ̀ Òṣòdì, kí àìsàn tó dá a dúró. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni àwọn ayàwòrán kan láti Èjìgbò gba àyè láti ya àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ náà sára ògiri ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá mi wà lára wọn. Ó ga jù mí lọ, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀.

Òṣòdì ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀ Ìsọlọ̀ láràárọ̀. Kí n tó kọjá, màá kúnlẹ̀ díẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Bí mo bá ti kí i báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé kò tíì kú. Ìyẹn nìkan ló kù fún mi.

Ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá lọ wò ó. Inú bí i burúkú.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀? Ṣé kí aráyé lè sọ pé ìyá wa ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe, àbí kí wọ́n pa á rẹ́!"

Ẹ gbà mí! Ọlọ́wọ́ òsì mà ni ìyá wa, àwa ọmọ ẹ̀ mọ̀. Lílù ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀tún ní kékeré. Níta, ọ̀tún ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Inú yàrá wa, tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, ló ti máa ń lo òsì.

Mo wá ọmọbìnrin tó ya àwòrán náà lọ. Mo ní, "Ibo lo ti rí ọwọ́ òsì?"

"Àǹtí, èmi náà máa ń wọkọ̀ níbẹ̀ ní kùtùkùtù. Tí èrò ò bá tíì dé, òsì ni Màmá fi ń gbálẹ̀. Wọ́n á tún máa kọrin. Tí èrò bá ti ń dé, wọ́n á pààrọ̀ ọwọ́. Ṣé kí n tún un ṣe?"

Ìyá mi, kọrin? Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi mọ́. Kó máa bínú lọ.

Àsìkò àwọn ayàwòrán pé, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sáré bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, mo tẹrí ba, mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbójú sókè, ògiri ti funfun báláú.

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi," ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn mi. Obìnrin tí wọ́n gbà sípò ìyá mi ni, ó rò pé òun ni mò ń kí. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú ìgbálẹ̀ ẹ̀.

Omi ti ń dà lójú mi, mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó dì mí mú, ó ní kí ló dé.

Mo ní, "Ìyá mi ló kú."

"Yéè! Nígbà wo?"

Mo ní, "Láàárọ̀ yìí."