Ààwẹ̀ Tísà

Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó mọ eré sísá jáde nínú àwa olùkọ́ ilé ìwé wa ní Fate, nílùú Ìlọrin, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ sá pamọ́. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó gun àtẹ̀gùn dé kíláàsì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé olùkọ́ eré ìdárayá lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀gá wa sì ní ẹni tó mọ oúnjẹ ni kó máa tọ́jú àwọn ọmọbìnrin tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Inú mi dùn. Mo ra fèrè, mo so ó mọ́ ọrùn, mo tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ rajà ní Ìpàta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ya ẹ̀wà, ẹyin, wàrà, ẹ̀fọ́ àti ọsàn sí ojú pátákó. Ó dáa títí dé ibẹ̀. Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni pé mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo gbá ikùn ara mi, mo ní, "Ẹ wo èyí dáadáa. Túwó ọdún mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ara tó bá fúyẹ́ ló ń sáré. Ẹni tó bá wúwo, kó lọ máa ta iṣu."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ kan. Òun ló yára jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé nítòsí Ọjà Tuntun. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Mo ní aláápọn lọmọ yìí.

Kò pẹ́ tí kò bá wọn jẹun mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ń gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì. Kò yà mí lẹ́nu, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìlọrin ló ń gbà á fún làádá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Nígbà tó tún kan ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun ń san èyí tó bọ́ lọ́wọ́ òun nínú Ràmàdáánì. Obìnrin ni mí, mo mọ ohun tó máa ń jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, n kò béèrè mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi í ṣe àpẹẹrẹ: "Ẹ wo ọmọ tó mọ Ọlọ́hun. Ẹ wo bó ṣe fúyẹ́." Èmi olùkọ́ oúnjẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ìdíje àwọn ilé ìwé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun la sì gbójú lé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ó sá yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di òpó góòlù mú, ó sì ṣubú. Mo sáré lọ bá a. Kí n tó dé ibẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e dé abẹ́ igi.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló jẹ kẹ́yìn. Ó ní ẹ̀kọ kan ni, nírọ̀lẹ́ àná. Ìyá rẹ̀ àgbà tó ti dé yí ojú sí mi.

"Tísà, n kì í jí i sí sàárì. Bó bá di alẹ́, á ní òun ti yó nílé ìwé." Ó wá kọjú sí ọmọ náà. "Ààwẹ̀ ta lò ń gbà?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Ìyá, mo fẹ́ fúyẹ́ ni. Tísà ní ẹni tó bá wúwo, kó lọ máa ta iṣu."

Ìyá àgbà wò mí láti orí, ojú rẹ̀ sì dúró díẹ̀ níbi ikùn mi. "Iṣu tí mò ń tà ní Ìpàta ni mo fi ń rán an níwèé. Ààwẹ̀ Ọlọ́hun la mọ̀ nílé wa. Ti tísà yìí, a ò gbọ́ ọ rí."

Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fà mí dìde.

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sáré lọ́dún yìí, ọmọ mìíràn ló lọ dípò rẹ̀. Mo padà síwájú pátákó, mo sọ fún gbogbo wọn pé mo ṣìṣe, pé ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ jẹun jù mí lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà wá sílé ìwé, mo gbé ẹ̀wà àti wàrà díndín wá láti ilé, mo jókòó tì í. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi.

"Mà, ṣé mo lè jẹ ẹ́ tán?"

Mo ní kó jẹ ẹ́ tán. Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó tún bi mí.